Àgbo ibà ayé àtijọ́, àti ohun tójú mi rí lọ́jọ́ tí gìrì gbé ọmọ mi

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, sístà mi tó béèrè irú àgbo táwọn ìyá ńlá wa ń lò láàárín 1800 sí 1900 tọ́mọ bá ní ibà. Ẹ ní ẹ fẹ́ se é fún ọmọ yín ọlọ́dún méjì, pé ohun tó bá ti jẹ́ ti ayé àtijọ́ kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, torí èmi náà gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó sì kù díẹ̀ kó gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo dàgbà sí, ẹlẹ́wẹ́ọmọ ni wọ́n lọ́jà Bódè n'Íbàdàn. Àgbo ibà tíwọn náà bá lọ́wọ́ ìyá wọn, èèpo awópa ni, èyí táwọn kan ń pè ní dókítà igbó, pẹ̀lú èèpo ahùn, ewé orúwo, nígbà míì wọ́n á já ewúro sí i. Omi awópa yẹn máa ń pọ́n gan-an, àwọ̀ ẹ̀ kì í ṣí bọ̀rọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi àgbà, bí ẹni pé wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa ra á. Kò sí dóńgóyárò nínú ẹ̀ o. Dóńgóyárò tí gbogbo wa ń pè ní oògùn àwọn baba wa, igi ilẹ̀ Íńdíà ni, 1928 ni wọ́n gbin irúgbìn ẹ̀ láti Gánà sí Màídúgùrì, orúkọ ẹ̀ gan-an Haúsá ni, torí náà ẹni tó gbé Ìbàdàn ní 1850 kò mọ ewé ẹ̀ rí.

Mi ò sọ pé èèpo igi kì í wo ibà. Ní 1841 táwọn òyìnbó wọ odò Ọya, tí Àjàyí Crowther ọmọ Òṣoògùn wà pẹ̀lú wọn, ibà pa ju 40 lọ nínú àwọn òyìnbó yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí Baikie, dókítà òyìnbó kan, gbé ọkọ̀ Pleiad wọ odò kan náà ní 1854, ó ń fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní kuiníìnì, oògùn ibà, lójoojúmọ́, ibà ò pa ẹyọ ẹnì kan. Èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni kuiníìnì yẹn ti wá, àwọn ará Faransé méjì ló yọ ọ́ jáde ní 1820, látìgbà náà ni wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n kí wọ́n mọ iye téèyàn ń gbé mì. Ìyá mi àgbà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bu tiwọn. Àgbàlagbà lè fara da àṣìbù, ọmọ kékeré ńkọ́?

Ọmọ mi ọkùnrin kò tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ yẹn. Ara ẹ̀ ti ń gbóná láti àárọ̀, mo ń fún un lágbo, mi ò gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó máa di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ojú ẹ̀ yí sókè, ó pa eyín pọ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ariwo sọ nínú ilé, àgbà kan sáré gbé ìgò kan jáde, ìtọ̀ màlúù ni, tí wọ́n rẹ ewé tábà, áyù, efínrín àti àlùbọ́sà sí, òórùn ẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Wọ́n fi ṣíbí la ẹnu ọmọ, èmi ni mo di orí ẹ̀ mú. Èmi fúnra mi. Ó gbé díẹ̀ mì, ìyókù gba imú jáde. Gìrì yẹn dá lóòótọ́, gbogbo wa ń dúpẹ́, àṣé ọmọ ti rọ jọwọrọ ni, mo pè é pè é kò dáhùn, mo wá ń ka èémí ẹ̀, ó mí ọ̀kan, ó pẹ́ kó tó mí èkejì.

Ní ọsibítù, kí n tó lanu sọ̀rọ̀ ni dókítà ti bi mí pé ṣé ẹ fún un ní ìtọ̀ màlúù ni, torí ó ń gbóòórùn ẹ̀ lára ẹ̀wù ọmọ. Wọ́n gún un lọ́wọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, kíá ni wọ́n so glucose mọ́ ọn. Dókítà ní oró inú tábà ló ń dá èémí ọmọ dúró, àdàlù yẹn sì máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ débi tí ọpọlọ ò ní róhun lò, pé láti àwọn 1970s làwọn dókítà ti ń kọ̀wé lórí ẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó lajú. Ọmọ tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìjókòó, ó sì ti lé lọ́dún márùn-ún kó tó sọ̀rọ̀ tó já gaara.

Ewé tábà yẹn gan-an ni ti ayé àtijọ́ o, sístà mi. Kí 1800 tó pé ni wọ́n ti ń kó o láti Bahia ní Brazil wá sí etíkun wa, ó sì wà lọ́jà nígbà ayé àwọn ìyá ńlá wa, nígbà tí dóńgóyárò ò tíì dé rárá. Ẹ má fi ọjọ́ orí ewé wọ̀n ọ́n.

Èmi ṣì ń fi efínrín wo inú rírun ara mi, mo ṣì ń jẹ orógbó tí mo bá ń wúkọ́, awópa náà mo ń mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ pa á pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó. Ọmọdé ò sí níbẹ̀. Ẹ tú aṣọ lára ọmọ, ẹ fún un ní paracetamol olómi bó ṣe wúwo sí, kẹ́ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bóyá màléríà ni. Tí gìrì bá dé, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú iná, ọsibítù ló kàn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fún un ní nǹkan kan, ẹ mú ìgò ẹ̀ dání, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú.

Ṣé ara ẹ̀ ṣì ń gbóná báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kílẹ̀ tó ṣú.