Ariwo abẹ́ 4Runner àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota 4Runner 1998 mi ń dún “kó-kó” níwájú bí mo bá bọ́ sí kòtò. Ṣé ṣọ́ọ̀kì ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ball joint ìsàlẹ̀, ìyẹn oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ irin apá ìsàlẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú 4Runner 1996 sí 2002, ṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń fà á ya. Bó bá jẹ jù, á yọ lórí eré, ẹsẹ̀ táyà á sì ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀mí wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ ki jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ tó gbé sípíríǹgì dúró, kí táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ fi irin gbọọrọ gbé táyà sókè láti abẹ́. Bí oríkèé náà bá mì, ó ti jẹ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀, pẹ̀lú bóòtì tuntun mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ má ra tòkunbọ̀ rárá.