Wọ́n ti dí ihò wúrà, ìwé ti jáde: ṣé a lè máa mu omi kànga wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ṣómólú ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá wa wà lẹ́bàá Iléṣà. Wọ́n wa wúrà níbẹ̀, wọ́n wá dí ihò náà, wọ́n gbin igi lé e. Kò pẹ́ sí i, wọ́n yẹ omi kànga wa wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fún wa ní ìwé pé kò sí ewu. Màmá wa àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń mu ún. Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Kò tó, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní kété tí wọ́n dí ihò tán.

Nígbà tí àwọn awakùsà ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fa omi jáde kí ihò má baà kún. Bí wọ́n bá dí i, omi abẹ́ ilẹ̀ yóò máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa gba àárín òkúta fífọ́ tí wọ́n dà padà kọjá, yóò sì máa kó ohun tó bá níbẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sáré. Níbòmíràn, mítà díẹ̀ ló ń rìn lọ́dún kan. Omi tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà yẹn lè jẹ́ èyí tó ti wà nínú kànga kí omi ihò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé náà lè jẹ́ òótọ́ fún ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kó má sì sọ nǹkan kan nípa ọdún mẹ́ta sí i.

Òkúta tí wúrà ń bá gbé sábà máa ń ní píráìtì nínú, ìyẹn irin tó so pọ̀ mọ́ imí ọjọ́. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí atẹ́gùn àti omi kàn án, á di ásíìdì, ásíìdì yìí ló sì ń tú òjé, àsẹ́níìkì àti máńgánísì kúrò lára òkúta. Bí àwọn tó wa ibẹ̀ bá fi mákúrì kó wúrà jọ, bí ọ̀pọ̀ awakùsà kéékèèké ti ń ṣe, ẹ ní kí àwọn tó ń yẹ omi yín wò wo mákúrì náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù nìyí: àwọn irin olóró wọ̀nyí kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Amọ̀ inú ilẹ̀ lè dá wọn dúró fún ìgbà pípẹ́, òkúta míràn sì lè máa pa ásíìdì náà, tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ti kan tó, yóò fi wà láàárín 6.5 sí 8.5 bó ṣe yẹ. Sọ́féètì, ìyẹn imí ọjọ́ inú píráìtì náà tó ti yọ́ mọ́ omi, ní tirẹ̀ kì í dúró. Bí omi ti ń lọ ló ń bá a lọ. Bí ó bá ń gòkè láti àyẹ̀wò kan sí èkejì, omi ihò ti ń bọ̀ nìyẹn, ẹ sì ṣì ráyè wá omi míràn fún Màmá. Mítà kékeré kan wà tí a ń tì bọ omi láti mọ bí iyọ̀ inú rẹ̀, sọ́féètì pẹ̀lú, ti pọ̀ tó. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ yẹ kànga kejì wò pẹ̀lú, èyí tó wà lápá òkè tí omi ihò kò lè ṣàn dé. Ilẹ̀ ní irin tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wa wúrà. Láìsí kànga òkè, àwọn tó wa ilẹ̀ lè ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ kò sì ní rí èsì fún wọn.

Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò gbà ju 0.01 míligíráàmù òjé lọ nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ náà ni àsẹ́níìkì. Ti mákúrì jẹ́ 0.001. Ojú kò lè rí i, ẹnu kò sì lè mọ̀ ọ́n. Sísè kò ràn án. Omi ló ń gbẹ, irin yóò kù síbẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Eruku ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ti lọ òkúta nítòsí ilé yín, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wá pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ike mínírà bu omi wá. A máa ń rí i ní láàbù wa ní Yàbá, ó sì máa ń dùn mí, torí owó àyẹ̀wò kì í ṣe kékeré. Ẹ kọ́kọ́ wá gba ìgò. Èyí tó wà fún irin sábà máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú, kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀; ẹ má ṣàn án dànù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ wọn pH nídìí kànga, torí ó máa ń yí padà lọ́nà. Ẹ kó àwọn ìgò sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kí ẹ sì kúrò ní Iléṣà ní ìdájí. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín ní Berger, yìnyín á ti yọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni mo fẹ́, fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Bí agbára kò bá ká a, ẹ má fo ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga lọ sílẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tó ń fọ ohun tó gbẹ sára òkúta wọ ilẹ̀.

Títí èsì àkọ́kọ́ yóò fi dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi omi kànga yẹn fọ aṣọ, kí wọ́n wá omi míràn fún mímu àti fún ẹ̀kọ ọmọ.