Ẹ̀sùn kan náà, ìdájọ́ méjì: kí ni adájọ́ ń lépa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Ọ̀dọ́kùnrin méjì fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì kó ọjà lọ. Ilé ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi, ṣùgbọ́n adájọ́ rán ọ̀kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó sì ní kí èkejì fi iṣẹ́ sin ìlú, kí ó sì san owó ọjà padà. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyí? Kí gan-an ni ìjìyà ọ̀daràn wà fún?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín kú ìrọ́jú. Ó lè jẹ́ ojúsàájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni adájọ́ ń lépa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn gbogbo wa ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìgbẹ̀san, nítorí pé ibi tí ìbínú bá gbé olùgbẹ̀san dé ló ń dúró, nígbà tí òfin ń díwọ̀n ìyà kí ó má baà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Òfin Kánádà tilẹ̀ fi í ṣe ìpìlẹ̀ pé ìdájọ́ gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ mu, kí ó sì bá ìwọ̀n ẹ̀bi ẹni tó dá a mu. Ẹni tó pète olè, tó sì fọ́ ilẹ̀kùn, àti ẹni tó kàn dúró ṣọ́nà lè jọ jẹ̀bi ẹ̀sùn kan náà, síbẹ̀ kí ẹrù ẹ̀bi wọn má dọ́gba.

Adájọ́ tún ń fẹ́ kí ìjìyà náà jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Níbí ni èmi àti àwọn oníbàárà mi ti máa ń jiyàn jù, nítorí wọ́n gbà pé bí ẹ̀wọ̀n bá ṣe gùn tó ni ẹ̀rù yóò ṣe ba olè tó. Láti ọdún 1764 ni Cesare Beccaria, ará Ítálì, ti kọ̀wé pé ìdánilójú pé ìyà yóò jẹ ọ̀daràn lágbára ju bí ìyà náà ṣe le tó lọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ jalè lóru kì í ka iye ọdún tó wà nínú ìwé òfin. Bóyá ọwọ́ yóò tẹ òun ló ń rò.

Ẹ̀wọ̀n a tún máa mú ẹni tó léwu kúrò láàárín ìlú fún ìgbà kan. Èyí bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ léraléra, ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ sí àárín àwọn ògbólógbòó ọ̀daràn, ó lè burú ju bó ṣe wọlé lọ. Ìdí nìyí tí adájọ́ fi lè yan ohun tí yóò tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Ẹ má sì fojú kéré owó tí wọ́n ní kí ó san padà. Òfin ìdájọ́ ti ọdún 2020 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ka ṣíṣe àtúnṣe fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ mọ́ ohun márùn-ún tí adájọ́ ní láti gbé yẹ̀ wò bí àgbàlagbà bá jẹ̀bi. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kò lè ṣiṣẹ́ san gbèsè, nítorí náà àwọn ète wọ̀nyí sábà máa ń tako ara wọn, adájọ́ ló sì ní láti mọ èyí tí yóò fi ṣíwájú.

Ẹ wá ẹ̀dà ìdájọ́ náà, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ta ló tètè jẹ́wọ́, àti ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó. Bí ẹ kò bá rí ìdí kankan níbẹ̀, ẹ tètè lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba tó pe ẹjọ́ náà. Níbi tí òfin bá ti fàyè gba kí ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìjìyà tó fúyẹ́ jù, òun ló lè gbé e lọ, gbèdéke ọjọ́ rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó kọjá.