Ta Ni Yóò San Owó Léèsì Tó Jóná?

Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yàn nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo wọn dá lé. Kò yà mí lẹ́nu, torí bí iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ báyìí, ṣe ni àwọn òbí ń fa ọmọ kiri ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Abẹ́òkúta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Télọ̀ ni mí ní Pánsẹ́kẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ti lé ní ọdún kan lọ́dọ̀ mi fi áyọ́nù jó ọrùn bùbá léèsì oníbàárà. Aṣọ ìgbéyàwó ni, ó sì wọ́n. Oníbàárà ní kí n san owó rẹ̀ pé. Mo ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ náà, ó ní òun ò rí owó kankan. Ìyàwó mi wá ní kí n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ tí mò ń fún ọmọ náà lójoojúmọ́. Ṣé kò burú bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó burú, ọ̀gá télọ̀. Ẹ̀yin lẹ gba léèsì lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀yin lẹ gba owó iṣẹ́, orúkọ yín ló sì wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ni ẹ ó san án. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Owó ilé ló ń ṣọ́, n ò bá a wí.

Ẹ wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ẹ bá fi owó oúnjẹ dí i. Ebi á máa pa ọmọ nídìí máṣíìnì, ìyẹn nìkan tó ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù náà ń wò yín. Lọ́jọ́ tí sísọ́ọ̀sì bá ṣi ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò ní sọ fún yín. Á rán an pa mọ́ sábẹ́ láíníìnì, á lọ̀ ọ́ kó dán, ẹ̀yin náà á gbé e fún oníbàárà pẹ̀lú ẹ̀rín, aṣọ á sì ya lójú agbo nígbà tí wọ́n bá ń náwó fún un. Èyí tí ẹ máa san nígbà náà, owó nìkan kọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹni tó bá ba aṣọ jẹ́, tó pè mí kí oníbàárà tó dé, kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni èmi àti ẹ̀ jọ máa fà á. Lára owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, mo máa ń yọ díẹ̀ sínú kóló kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Kóló aṣọ bíbàjẹ́ ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọdún tí nǹkan bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ìrẹsì àti adìyẹ la fi ń rà níparí ọdún, torí náà kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kóló yẹn kò kàn. Bí ọ̀kan bá gbé áyọ́nù tó gbóná jù, ẹnìkejì á ti kígbe kí n tó gbójú sókè.

Èmi náà ní ìbéèrè tèmi fún yín. Ta ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lọ léèsì? Òwú lásán, bíi àǹkárá, máa ń pọ́n kó tó jó, ẹ ó rí i, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ ó tètè gbé áyọ́nù kúrò. Ọ̀pọ̀ léèsì ayé ìsinsìnyí, òwú oníke ló wà nínú rẹ̀. Yíyọ́ ló ń yọ́, lẹ́ẹ̀kan náà, á sì lẹ̀ mọ́ ìdí áyọ́nù. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, pé wọ́n ń tẹ́ aṣọ funfun lé e, pé wọ́n ń kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù tí a gé kù. Àwa ọ̀gá kì í sọ gbogbo èyí. “Rọra o” là ń sọ. Rọra kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Bí èmi ṣe ń to iṣẹ́ fún wọn rèé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ fi máṣíìnì tí kò ní òwú gún bébà, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ bí a ṣe ń tẹ pẹ́dáàlì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan àjákù àǹkárá. Orí bébà àpò sìmẹ́ńtì ló ti máa kọ́ gígé, kò sí ẹni tí bébà yẹn ń dùn bó bá ṣì í gé. Lẹ́yìn náà, aṣọ ara rẹ̀, aṣọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ mi. Àǹkárá oníbàárà ló tẹ̀lé e. Léèsì àti aṣọ òkè ló gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gba òmìnira. Ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, ó yẹ kó ti máa fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ aṣọ ìgbéyàwó tó wọ́n, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ dúró tì í.

Kí ẹ tó san owó pé, ẹ pe oníbàárà padà. Ọrùn ló jó, aṣọ náà kò tíì ṣègbé. Ẹ lè gé ọrùn rẹ̀ jìn sí i, kí ẹ fi ọ̀gánsà tàbí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yí i ká. Bó bá gbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bá yín ṣe àtúnṣe ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú. Ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń bó, ìyá rẹ̀ wá pariwo lé mi lórí láàárín ọjà pé mo fẹ́ sọ ọmọ òun di aláàbọ̀ ara. Ọwọ́ tèmi náà bó nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ó sì jinná. Mo ra ìbọ̀wọ́ fún wọn, wọ́n ní kò jẹ́ kí iṣẹ́ yá.

ÌDÁHÙN: Aláró ni ìyá tó bí mi, Ìtòkú yẹn náà ni mo dàgbà sí. Ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n ń kó sínú omi eérú títí á fi di aró. Ọwọ́ wọn máa ń dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí ẹ̀ ń lò dípò omi eérú báyìí, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ o. Ẹran ara ló ń jẹ. Bó bá ta sójú, ojú lè fọ́. Nítorí náà, pé ọwọ́ yín jinná nígbà náà kì í ṣe ìdáhùn fún ìyá ọmọ.

Ìbọ̀wọ́ wo lẹ rà? Bó bá jẹ́ èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, wọ́n jàre. Omi aró á wọ inú rẹ̀, á sé mọ́ ọwọ́, á sì bó wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rọ́bà tó nípọn, tó dé ìgbọ̀nwọ́, tó bá ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan mu, ni kí ẹ rà. Kí ẹ̀yin náà wọ tiyín. Bí ọ̀gá bá ń ti ọwọ́ lásán bọ aró, kò sí ọmọ tó máa wọ̀ ọ́.

Inú omi ni kí wọ́n máa da kọ́sítíìkì sí, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé. Ooru rẹ̀ lè mú kó hó kó sì ta sí ènìyàn lára. Háídírò, ìyẹn kẹ́míkà oníyẹ̀fun kejì tí ẹ fi ń po aró, ibi gbígbẹ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí pẹ̀lú ìdérí, torí bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, ó lè gbóná kó gbiná fúnra rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò dára fún àyà, gbangba ìta ni kí ẹ ti máa pò ó. Kí omi tó mọ́ wà nítòsí nígbà gbogbo. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, omi ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi epo pupa pa á.

Ní ti ọmọbìnrin yẹn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Títí ọwọ́ rẹ̀ á fi jinná, kó jìnnà sí aró. Ìko wà tí ó lè fi kọ́ bí a ṣe ń di àdìrẹ oníko bí awọ ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbà á, ìyẹ́ adìyẹ náà wà fún eléko, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí lára. Mo mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ń bá yín dupò lọ́jà, ẹ sì ń sáré. Ẹ lọ bá ìyá rẹ̀ nílé fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, Màmá. Wẹ́dà ni mí ní Láfẹ́nwá, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá kan mú ọmọ ọdún 13 wá kó wá kọ́ṣẹ́. JSS 2 ló wà, bàbá rẹ̀ ní ìwé ò wọ orí rẹ̀, kó kúkú fi sílẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má gbà á kúrò níléèwé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ lọ iléèwé títí dé JSS 3. Òfin iṣẹ́ náà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jẹ́rìí sí i, kó má sì ju ọdún 5 lọ.

Kó máa wá lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan iná wẹ́dà, má sì jẹ́ kó wò ó. O mọ bí ojú ṣe ń ta ènìyàn lóru lẹ́yìn tó bá wo iná yẹn láìsí awò. Fún un ní téèpù kó bá ẹ wọn géètì, kó pín irin sí ọgbọọgba, kó ṣírò iye ọ̀pá tí ẹ máa rà. Bí ìṣirò ò bá wọ orí rẹ̀ ní kíláàsì, ó lè wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Nígbà tó bá dàgbà tó mọṣẹ́, kó lọ ṣe Trade Test, ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti Ilé Iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́; láti ipele 3 ni wọ́n ti ń gòkè lọ sí ipele 1.

Kọ ìwé àdéhùn yẹn kí bàbá rẹ̀ tó fi í sílẹ̀: ọdún tí yóò lò, owó ìkọ́ṣẹ́, ẹni tí yóò bọ́ ọ, àti pé ìwọ ni wàá ra awò ojú àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí bàbá náà bá ní òun ò ráyè ìwé, kó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ.