Ṣé dandan ni kí n ra controller, ẹ̀rọ tí DJ fi ń da orin pọ̀, kí n tó kọ́ DJ?
Àbúrò, láptọ́ọ̀pù tó o ní yẹn ti tó o, má tíì náwó sórí controller! Fi VirtualDJ, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe DJ lórí kọ̀ǹpútà, sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń fi kọ́ nílé, kó o wá ra headphone gidi ní Alábà. Etí ni kó o kọ́kọ́ kọ́ jàre, máa ka bíìtì ní mẹ́rin mẹ́rin títí wàá fi mọ ibi tí orin ti ń yí, torí ibẹ̀ lo ti máa mú orin kejì wọlé. Amapiano sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 112 BPM (iye bíìtì ní ìṣẹ́jú kan), ọ̀pọ̀ Afrobeats ò yá tó yẹn, fọwọ́ ara ẹ mú wọn dọ́gba, má tíì tẹ sync, bọ́tìnì tó ń mú wọn dọ́gba fúnra ẹ̀. Tí páátì bá wà ní Muṣin tàbí Ṣómólú, lọ bá DJ gbé spíkà, kó o máa wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa.