Èsì: Ẹ́ńsáìmù àti jẹjẹrẹ iṣan ìmọ̀lára ọmọdé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá bí ẹ́ńsáìmù (púrótéènì tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) ṣe ń darí iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára tó di jẹjẹrẹ. Ẹ wo àwọn ọlọ́kadà wa l'Ouando, n'Ájàṣẹ́: èrò gùn wọ́n, wọ́n gbéra. Ọlọ́kadà ni púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì, èrò ni fọ́síféètì, èròjà kékeré kan. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ kinase ló ń gbé fọ́síféètì gun púrótéènì. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, phosphatase, ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nínú neuroblastoma, jẹjẹrẹ iṣan ìmọ̀lára tó sábà ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín ọmọdé, kinase kan, ALK, lè bàjẹ́, kó máa gbé èrò láìsinmi. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì á kàn máa pọ̀ ni, kò ní dàgbà.

Oògùn isotretinoin, ìbátan fítámínì A (epo pupa ò lè rọ́pò rẹ̀ o!), ni wọ́n fi ń mú un dàgbà: lábẹ́ awò, á na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìtàkùn iṣu, á sì ṣíwọ́ pípín.