Iléèwé ọmọ mi fẹ́ di akádẹ́mì: ṣé a ó máa sanwó ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iléèwé káńsù làwọn ọmọ mi ń lọ nílùú London. Lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di akádẹ́mì, àwọn olùkọ́ sì ń múra àtidaṣẹ́ sílẹ̀. Lórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní wọ́n ti ta iléèwé náà fún olówó kan, pé láti sáà tó ń bọ̀ la ó ti máa sanwó, torí ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ olùkọ́ ṣe ń jà. Ṣé kí n tètè kó àwọn ọmọ mi kúrò? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má kó ọmọ kankan lọ síbì kankan. Kọ́bọ̀, ẹ ò ní san. Ọ̀rọ̀ owó iléèwé yìí ti sú mi í dáhùn. Ẹni tó bá tún fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó fi ibi tó ti kà á hàn yín.

Akádẹ́mì kì í ṣe iléèwé aládàáni. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Dípò kí owó náà gba ọwọ́ káńsù, ọ̀dọ̀ ìjọba ní Westminster ló ti ń wá tààrà sọ́wọ́ trust, ìyẹn àjọ aláàánú tó ń darí iléèwé kan tàbí púpọ̀, tí òfin ò sì gbà kó pín èrè. Òfin Academies Act ti ọdún 2010 ti fi í sínú àdéhùn pé akádẹ́mì ò gbọ́dọ̀ gbowó kí ọmọ tó wọlé tàbí kó tó kẹ́kọ̀ọ́. Nínú sẹ́kọ́ńdìrì 100 tí ìjọba ń náwó lé lórí ní England, ó lé ní 80 tó ti di akádẹ́mì. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ọmọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí WhatsApp bá wà nínú ọ̀kan. Aṣọ iléèwé ńkọ́? Ẹ ò kúkú bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn lábẹ́ káńsù náà.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá. Ilé la ti gbé e bọ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó dá iléèwé àwọn míṣọ́nnárì padà fún wọn ní 2001, owó iléèwé tẹ̀ lé e lóòótọ́. Nígbà tí ti Ọ̀yọ́ sì fẹ́ fa iléèwé 31 lé àwọn míṣọ́nnárì àti aládàáni lọ́wọ́ ní 2016, NUT àti NLC fárígá. Àmọ́ òfin ibí yàtọ̀ sí tibẹ̀.

Kí wá làwọn ẹgbẹ́ olùkọ́, NEU àti NASUWT, ń bá wọn fà? Àdéhùn iṣẹ́ ni, lórí ìwé. Olùkọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òfin TUPE á gbé àdéhùn rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn náà, trust ló máa kọ tirẹ̀. Ẹ lè wá bá olùkọ́ méjì ní Year 4, kíláàsì wọn fara kanra, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ owó ìsinmi ìbímọ wọn ò dọ́gba. Òfin ò sì gba òṣìṣẹ́ láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ètò ìjọba ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àfi kó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹgbẹ́ fi ń ka owó oṣù àti ìsinmi, nígbà tí ohun tó ń dùn wọ́n ju ìyẹn lọ.

Èyí tó ń dùn wọ́n jù yẹn ló yẹ kó kàn yín. Iléèwé tó bá ti di akádẹ́mì, kò sí ọ̀nà tó já gaara tó fi lè padà sábẹ́ káńsù. Bí trust bá dojú dé, trust mìíràn ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Ní September 2017, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sáà tuntun ni Wakefield City Academies Trust jọ̀wọ́ gbogbo iléèwé 21 tó ń darí. Ta lẹ máa fi ìbò yọ lórí irú ìyẹn? Káńsílọ̀ àdúgbò, ẹ ṣáà lè kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ má sì gba gbogbo ìwé ẹgbẹ́ gbọ́ o. Akádẹ́mì tó dáa wà, èyí tí ò dáa wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti káńsù.

Ẹ wo inú lẹ́tà yẹn fún ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é. Bó bá jẹ́ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń yẹ iléèwé wò, ló já iléèwé náà kulẹ̀ tí àṣẹ ìjọba sì ti dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sóhun tí ẹ lè ṣe. Bó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ alábòójútó iléèwé ló gbèrò rẹ̀, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba èrò àwọn èèyàn. Òbí ò ní dìbò, àmọ́ ìgbìmọ̀ lè yí ọkàn padà. Ní 2018, ní Avenue Primary ní Newham, olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, òbí gbé ẹjọ́ dìde, wọ́n sì pa ètò náà tì. Ẹ béèrè, lórí ìwé, trust wo ni, ta ló máa di owó tí iléèwé tù jọ mú, àti ta lẹ máa fẹjọ́ sùn.

Mi ò tíì rí lẹ́tà yín o, England nìkan sì ni mo ń sọ. Scotland àti Wales ò ní irú akádẹ́mì yìí. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní EHCP, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó nílò àbójútó àrà ọ̀tọ̀, káńsù ṣì ni ètò náà wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì iléèwé kẹ́ ẹ tó jáde nílé: kíláàsì ọ̀kan nínú àwọn ìbejì lè ṣí, kí ti èkejì wà ní títì.